Abẹ́rẹ́ Hàlímà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún màmá mi lórí fóònù pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú òyìnbó báyìí ni kí n máa fín oògùn sí àwọn ọmọ iléèwé nímú, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí fóònù fi jábọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n gbé e padà, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ní Ìpetu, tí gbogbo ìlú ń kí. Ó wá wọ bàálù lọ fín nǹkan sí ọmọ olọ́mọ nímú." Mo ní kí wọ́n má bínú, iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n ní àwọn ò bínú, àwọn kàn fẹ́ mọ ohun tí àwọn máa sọ fún àwọn ará àdúgbò ni.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti kúrò nílé. Mi ò ní fi bí mo ṣe dé ibí dà yín láàmú. Ẹni tó bá ti wá ìwé wíìsà rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá wá a rí, kó máa dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó ń jẹ́ Hàlímà ni mo fẹ́ sọ, ọmọ ọdún méje, àti abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó gbà kí òtútù tó mú, àti bí iṣẹ́ mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo ni mí. Agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Aláró ni màmá mi, títí dòní tí ẹ bá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹ máa rí aró lábẹ́ èékánná wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló sọ mí di nọ́ọ̀sì. Iléṣà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, nínú yàrá kan tí àwa mẹ́rin jọ ń gbé, tí àwọn mẹ́ta yòókù ń kọ orin ìsìn láràárọ̀, tí èmi sì ń wá ibi tí màá tẹ́ ẹní ìrun mi sí láàárín bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Ìgbà tí mo parí, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àkúrẹ́, mo sì lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀.

Ní Ìpetu, a kì í jókòó de ọmọ. Tí ọjọ́ àjẹsára bá pé, a máa gbé kúlà tí oògùn wà nínú ẹ̀ kọ́ èjìká, a máa ti ojúlé dé ojúlé, a máa gun ọ̀kadà wọ àwọn abà tó wà nínú oko kòkó. Àwọn ìyá míì máa ń sá pamọ́. Àwọn bàbá míì máa ń ti inú yàrá pariwo pé àwọn ò sí nílé. A kì í bá wọn jà. A máa wá ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń múlẹ̀ nínú ilé náà, ìyá àgbà ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo rántí ìyá àgbà kan ní abà tó wà lẹ́yìn Ìpetu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bá wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé mi. Ìgbà kẹta, mi ò dárúkọ abẹ́rẹ́ rárá. Wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo gbé kúlà mi sílẹ̀, mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn bẹ ẹ́. A bẹ ẹ̀gẹ́ náà títí ó fi tán. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú uṣẹ́ o. Àṣé ará Òṣogbo náà mọ uṣẹ́ ṣe." Wọ́n wá ké sí àwọn ìyàwó ilé, ọmọ mẹ́rin sì jáde láti ẹ̀yìn ilé. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo láyé.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilẹ̀ máa ń ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti pé èèyàn lè wọ ọkọ̀ tó kún, kó kí gbogbo wọn ní ẹ káàárọ̀, kí gbogbo wọn sì máa wò ó bíi pé orí ẹ̀ ti dàrú. Mo kí wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí n tó sinmi. Òmíràn tún ni pé wọ́n ní kí n máa pe ọ̀gá mi lórúkọ. Obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ, tó ti hu ewú lórí, ni kí n máa pè ní Lìńdà lásán. Mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ tẹ eékún díẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Lìńdà, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo wà nílé ìwòsàn ńlá kan nílùú náà. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Hàlímà, nínú oṣù Jánúárì. Ásímà ló ní, àìsàn tó máa ń fún un láyà tí èémí kì í fi í jáde. Fúlùú wá bá a lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí: fúlùú kì í ṣe ọ̀fìnkìn tí a fi ń ṣeré nílé. Ọmọ tára ẹ̀ le lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó dìde. Ọmọ tí àyà ẹ̀ ò lágbára lè má dìde. Ọjọ́ mẹ́rin ni Hàlímà fi wà lórí ẹ̀rọ atẹ́gùn, tí egungun ìhà ẹ̀ ń wọlé tó ń jáde, tí mo ń di ike atẹ́gùn náà mú sí i nímú nítorí ó fẹ́ máa yọ ọ́. Mo ń sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́," láìmọ̀ pé Yorùbá ni mo ń sọ.

Ìyá ẹ̀ gbé orí sókè lórí àga. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé Yorùbá ni yín?"

"Ọmọ Òṣogbo ni mí."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ọmọ Òṣogbo lòun náà, ilé màmá ẹ̀ wà ní Dàda Estate, ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Òun àti ọmọ nìkan ló wà níbí, bàbá ọmọ ń ṣiṣẹ́ nílùú míì. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ karùn-ún, Hàlímà béèrè ìrẹsì. Mo lọ sí yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀, mo bọ́jú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí àwọn ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo ṣe béèrè pé kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ láti iléèwé dé iléèwé. Mo ní ìdí tí a fi ń di ike atẹ́gùn mú sí ọmọ nímú ní Jánúárì ni pé ẹnì kan ò fín oògùn àjẹsára fúlùú sí imú yẹn ní Ọ̀kítóbà.

Àwa mẹ́rin la wà lábẹ́ Lìńdà. A máa dé gbọ̀ngàn iléèwé láàárọ̀, a máa to tábìlì, àwọn olùkọ́ á sì mú àwọn ọmọ wá ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Oògùn náà kì í dunni, ẹ̀ẹ̀kan nínú ihò imú ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan nínú tòsì, ó tán. Nílé, ọmọ tó bá rí nọ́ọ̀sì lókèèrè ti ń sá. Níbí, wọ́n máa jókòó, wọ́n á ká ẹsẹ̀, wọ́n á máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ní ṣé oògùn náà ò ní gba imú wọ inú ọpọlọ òun. Mo ní tó bá débẹ̀, á kàn bá àwọn ìṣirò tí ò tíì ṣe ni.

Ọjọ́ kìíní mi, mo ṣe nǹkan kan tí wọ́n ṣì fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé, tí a bá ti kán oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu, a máa fi kálámù kun èékánná ìka kékeré ọwọ́ òsì ẹ̀, kí ẹlòmíì má baà tún un kán. Mo rí kálámù dúdú lórí tábìlì olùkọ́, mo mú un. Mo ti kun ìka ọmọ mẹ́jọ kí Lìńdà tó yọjú. Ó ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní àmì ni. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó fi hàn mí bí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ti gbà á ṣe di aláwọ̀ ewé fúnra ẹ̀. Wàhálà tó wá kù ni pé àwọn tí mi ò tíì kùn ní àwọn ń fẹ́ tiwọn.

Òfin kan wà tó ga ju gbogbo òfin lọ nínú iṣẹ́ náà. Tí òbí ò bá buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda, ọmọ ò ní jókòó sórí àga wa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la sì máa ń lọ sí iléèwé kan lọ́dún, ní Ọ̀kítóbà àti ní ìparí Nòfẹ́ńbà. Ọmọ tí a ò bá rí nígbà méjèèjì, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dé iléèwé Hàlímà, mo wá orúkọ ẹ̀ nínú ìwé kí n tó bọ́ kóòtù mi. Rárá ni ìyá ẹ̀ kọ sí i. Mo rò pé àṣìṣe ni. Nígbà tó ṣe, mo pàdé ọmọ náà fúnra ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ga, ike kékeré tó máa ń fín sí ọ̀fun ń yọ nínú àpò aṣọ ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ó sì tẹ eékún fún mi níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ òyìnbó. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ títí a fi kó ẹrù.

Lìńdà gbà kí n pe ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ó wà nínú òfin pé a lè pe òbí láti ṣàlàyé.

"Asalamu alekun, Ìyá Hàlímà."

"Wa alekun salamu. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ohùn yín rèé. Ẹ ti pa wá tì."

"Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fúlùú ni. Mo rí i pé ẹ kọ rárá."

"Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀."

"Mùsùlùmí lèmi náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Nǹkan tí wọ́n yọ lára ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú èyí tí à ń fín sí imú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà, kò sí nínú tìyẹn rárá. Àyà Hàlímà gan-an, abẹ́rẹ́ ló máa dáa fún un jù. Ẹ kàn máa kọ ọ́ síbẹ̀ ni."

"Ká sòótọ́, Àǹtí, tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, mi ò bá ti ṣe é. Màmá mi ni. Wọ́n gbọ́ ohùn kan tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù, pé abẹ́rẹ́ yẹn ń dí ilé ọmọ fáwọn ọmọbìnrin. Wọ́n ní tí n bá jẹ́ kí wọ́n gún Hàlímà, kí n má pe àwọn ní ìyá mọ́. Àfi tí Màmá bá gbà."

Mo sọ fún Lìńdà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n a ti ṣe èyí tó jẹ́ tiwa, ìyá ọmọ ló ni ọ̀rọ̀. Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ Hàlímà sì parí síbẹ̀ lójú tiwọn.

Lójú tèmi, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ni ìṣòro? Mo ti ń bá ìyá àgbà ṣe é láti ìgbà tí mo ti wà ní Ìpetu. Ohun tó kù ni pé mo wà níbí, Àlàájà, màmá Ìyá Hàlímà, wà ní Dàda Estate. Ṣùgbọ́n mo ní ẹnì kan ní Òṣogbo tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń wọni létí ju tèmi lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo jókòó sínú ọkọ̀ iṣẹ́, mo pe màmá mi. Mo sọ orúkọ ọmọ, mo sọ àìsàn ẹ̀, mo sọ bó ṣe rí ní Jánúárì, mo júwe ilé aláwọ̀ ewé. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Ta ló ń gba àṣẹ kó tó gba ẹ̀mí ọmọ là?

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Inú wọn dùn.

"Mo débẹ̀ o. Aṣọ Jímọ̀ mi ni mo wọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Èèyàn gidi ni Àlàájà náà, ó fún mi lómi, ó ní kí n jẹun. A sọ̀rọ̀, a sọ̀rọ̀. Àṣé ó ti ra aṣọ lọ́wọ́ màmá mi àgbà rí."

"Ṣé ó gbà?"

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní rárá. Ó ní ara ọmọ òun le, kò ṣàìsàn rí, kí ni ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe. Mo ní, 'Àlàájà, ara tó le náà ló lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ẹ̀rọ atẹ́gùn?' Ó wò mí. Ó ní ọmọ wo? Mo ní Hàlímà yín ni. Ni obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Àṣé wọn ò sọ fún un."

Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo rán yín?"

"Ta ni kí n sọ pé ó rán mi?"

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Èmi tí mo ṣubú lórí yìnyín ní ọdún àkọ́kọ́ mi, tí ọwọ́ mi kán, tí mo fi oṣù méjì gbáko pa á mọ́ fún màmá mi, tí mo ń sọ fún wọn pé ìsinmi ni wọ́n fún mi. Gbogbo wa la ń ṣe é. A máa ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù lọ́jọ́ Sunday, a máa ń ní Alihamudulilahi, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wà nílé má baà ga. Àìsàn ọmọ tó ti lọ, ta ló fẹ́ fi da ìyá ẹ̀ láàmú? Ìyá Hàlímà ti rọra fi àṣírí yẹn pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, mo sì rán èèyàn lọ tú u nínú pálọ̀ ìyá ẹ̀.

Kò pé wákàtí kan tó fi pè mí. Kò kí mi.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní kó jọ̀ọ́.

"Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Màmá mi ń sunkún. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń kú lọ, mò ń pa irọ́ fún wọn. Wọ́n ti gbé wọn lọ yẹ ìfúnpá wò. Èmi ni mo gbé Hàlímà wá sí wọ́ọ̀dù yín, mi ò ní kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Wọ́n wá ń pariwo pé kí n fún un lábẹ́rẹ́ náà kíákíá. Ẹ gbọ́ o, mi ò ní buwọ́ lu ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ yín wá. Màá sì lọ bá ọ̀gá yín."

Ó pa fóònù. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ mi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò. Ìyá àgbà tí mo fẹ́ kó gbà ti gbà, ìyá tó ti fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ ló wá kọ̀, èmi ni mo sì fà á. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí a padà sí iléèwé yẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó jẹ́ ọmọ ilé wa níbí ní kí n sẹ́. Wọ́n ní kí n sọ pé màmá mi àti Àlàájà ti mọra tẹ́lẹ̀, ta ló máa lọ wádìí ẹ̀ dé Òṣogbo. Mo rò ó wò, mi ò ní parọ́ fún yín pé mi ò rò ó. Ṣùgbọ́n tí mo bá sẹ́, á jẹ́ pé Ìyá Hàlímà ló ń purọ́, kò sì ní fọkàn tán ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́ láé. Abẹ́rẹ́ náà máa lọ pátápátá. Nítorí náà mo kan ilẹ̀kùn Lìńdà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó pè é, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un lórí ìdúró.

Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé wọ́n lè gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì rẹ?"

"Mo mọ̀."

"Àti pé ìwé ìgbélùú rẹ so mọ́ ọn?"

"Mo mọ̀, mà." Mo ti gbàgbé pé mi ò gbọ́dọ̀ pè é ní mà. "Ẹ ṣe ohun tó bá yẹ kí ẹ ṣe fún mi. Ẹ kàn bá mi lọ rí ìyá ọmọ náà fúnra yín. Ẹ sọ fún un pé mo jẹ̀bi. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ni kí ẹ bá a sọ. Tó bá ní òun ò fẹ́ rí mi nítòsí ọmọ òun, ẹ gbà fún un."

Wọ́n yọ mí kúrò nídìí àwọn ọmọ. Yàrá ẹrù ni wọ́n fi mí sí, tí mò ń to ìbọ̀wọ́ àti òwú sínú páálí fún àwọn tó ń jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìtàn àwọn ọmọ lẹ́nu, wọ́n á rí mi, wọ́n á dákẹ́. Mi ò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Lọ́jọ́ Sunday, màmá mi béèrè ohun tí àwọn bà jẹ́. Mo ní wọn ò ba nǹkan kan jẹ́, iṣẹ́ tí mo rán wọn ni wọ́n jẹ́, èmi ni kò yẹ kí n rán an. Wọ́n ní irú ìlú wo ni wọ́n ti ń bá èèyàn ṣẹjọ́ nítorí ó fẹ́ kára ọmọ yá.

Mo ro ìbéèrè yẹn nínú yàrá ẹrù náà fún ọjọ́ púpọ̀. Inú ń bí mi sí ìlú náà nígbà míì, mo ń rò pé wọn ò mọ ìtumọ̀ ẹbí. Ṣùgbọ́n mo tún rántí ìyá yẹn lórí àga ní wọ́ọ̀dù, òun nìkan, kò sí màmá, kò sí àbúrò, tó ń yan ẹni tó máa sọ fún àti ẹni tí kò ní sọ fún. Ohun kan ṣoṣo tó ní agbára lórí ẹ̀ níbí nìyẹn. Ní abà Ìpetu, ojú gbogbo ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ò tíì gbọ́ kí n tó dé. Níbí, èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ jáde látinú yàrá tí wọ́n ti fi sọ́dọ̀ mi. Òfin wọn kì í ṣe ìkà. Èmi ni mo ń rò pé mo ṣì wà ní Ìpetu.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó dè mí lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí fún ẹjọ́ náà. Ọ̀kan béèrè bóyá a kì í pa àṣírí aláìsàn mọ́ lọ́dọ̀ wa. Mo ní à ń pa á mọ́. Mo ní ṣùgbọ́n nílé, gbogbo ìdílé ló máa ń gba abẹ́rẹ́ pọ̀, ọmọ ni a kàn máa ń gún. Mo ní mo ti mọ̀ báyìí pé níbí, ìyá ọmọ nìkan ni ìdílé náà. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Wọ́n ní wọ́n á máa ṣọ́ mi fún oṣù mẹ́fà, kí n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá tún mú mi nídìí irú ẹ̀, kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Lìńdà ti lọ rí Ìyá Hàlímà, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ. Kò sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Mo ti ń kọ́ iṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà sí iléèwé náà ló tó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Bẹ́ẹ̀ ni ló wà níwájú orúkọ Hàlímà. Lábẹ́ ẹ̀, ìyá ẹ̀ ti kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fún un, kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n ń fín sí imú, kí ó má sì ṣe jẹ́ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo ni yóò gún un.

"Ṣé o lè dúró nínú gbọ̀ngàn náà?" Lìńdà béèrè. "Tó bá jẹ́ pé o ò lè dúró, dúró sí ọ́fíìsì."

Mo ní mo lè dúró.

Òjò yìnyín wẹ́wẹ́ ń bọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ ń wọlé pẹ̀lú imú pípọ́n. Mo ti fín oògùn fún ọmọ bíi ogójì nígbà tí kíláàsì Hàlímà dé. Ó rí mi láti ẹnu ọ̀nà, ó sì kúrò lórí ìlà, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi, ó ti ń ká ọwọ́ aṣọ ẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Bó ṣe dé iwájú mi, ó tẹ eékún.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀."

Mo fẹ́ gbé e mọ́ra. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sórí tábìlì. "Káàárọ̀, Hàlímà. Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni tìẹ," mo ní, mo sì tọ́ka sí Lìńdà.

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

"Mo mọ̀. Máa lọ."

Ojú ẹ̀ yí padà, bíi ti ọmọ tí wọ́n lé kúrò nínú eré. Ó wò mí títí ó fi débẹ̀, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbọ́ tí Lìńdà ní kó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọ náà mí kanlẹ̀, dáadáa, láìsí ariwo kankan láyà ẹ̀, tó sì béèrè pé ṣé ó ti tán. Lìńdà ní ó ti tán.

Mi ò yíjú wò. Mo nu tábìlì mi, mo sì pe ọmọ tó kàn.